Iná Tí Wọ́n Kọ̀ Níbẹ̀rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìparí Àwọn Fíìmù Òkú Tó Ń Fò

Ẹ̀sùn kan wà tí kò tíì kúrò lọ́rùn àwọn fíìmù òkú tó ń fò ti Hong Kong láti nǹkan bí ogójì ọdún: wọ́n ní wọn kò mọ ìtàn parí. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni òkú fi ń lé ènìyàn kiri inú ilé. Tírà ń fò, ìrẹsì ń dà sílẹ̀, àwòrò ń fi idà onígi ṣá afẹ́fẹ́. Lójijì iná ràn, òkú jó, àwòrán dúró sójú kan, orúkọ àwọn òṣèré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò sẹ́ni tó sunkún. Kò sẹ́ni tó palẹ̀ ilé tó ti dàrú mọ́. Òǹwòran á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í pé, "Ó ti tán nìyẹn?"

Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n kò kárí. Lójú tèmi, ìtàn ìsìnkú ni ìtàn òkú yìí látilẹ̀ wá. Àwọn oníjà ló sọ ọ́ di fíìmù ìjà. Ibi tí fíìmù bá parí sí la ti ń mọ èyí tó borí nínú méjèèjì. Nínú èyí tó dára jù, wọ́n ti sọ ìparí fún wa kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, a kàn kò fetí sí i ni. Nínú èyí tó burú jù, wọn kò bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun tó yẹ kó parí.

Jiangshi ni àwọn ará Ṣáínà ń pe òkú náà. Òkú tó ti gan ni: orúnkún rẹ̀ kò ká, apá rẹ̀ nà síwájú gbọọrọ, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ìjòyè ayé ìjọba Qing ló máa ń wọ̀, nítorí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ ọlọ́lá sínú pósí nígbà náà. Nínú fíìmù, èémí ló fi ń wá ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá sé èémí á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wo fíìmù wọ̀nyí lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí èyí. Wọ́n ti fi ṣeré lágboolé dáadáa, kí ọ̀kan na ọwọ́ síwájú kó máa fò bọ̀, kí àwọn yòókù di imú mú títí ojú wọn á fi pọ́n.

Ṣùgbọ́n òkú náà ti wà ṣáájú fíìmù. Yuan Mei kó ìtàn nípa rẹ̀ sínú ìwé tó ṣe jáde ní ọdún 1788. Ji Yun (1724–1805), ìjòyè tó ṣáájú àwọn tó ṣe àkójọ ìwé ńlá ti ọba, kọ tirẹ̀ náà. Wọ́n gbà gbọ́ pé ẹ̀mí oríṣi méjì ló ń gbé inú ènìyàn: ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Bí èyí tó fúyẹ́ bá lọ tí èyí tó wúwo kọ̀ tí kò lọ, òkú lè dìde, kò sì ní dá ẹbí tirẹ̀ pàápàá mọ̀ mọ́. Ní Xiangxi, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Hunan, wọ́n tún ń sọ ti àwọn tó ń da òkú. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ gbọ́dọ̀ délé kí wọ́n tó sin ín, bí ẹbí kò bá sì lówó ọkọ̀, àwòrò Tao á fi agogo ṣáájú òkú náà lóru, òkú á máa tẹ̀lé e. Àwọn kan ṣàlàyé rẹ̀ pé ọ̀pá oparun gígùn méjì ni wọ́n máa ń di òkú mọ́ lóòró, ẹni kan níwájú, ẹni kan lẹ́yìn. Bí oparun bá ń tẹ̀ tó ń nà, òkú á máa gòkè á máa sọ̀. Ẹni tó bá rí i láti òkèèrè nínú òkùnkùn á búra pé òkú ń fò.

Ẹni tó ń lọ sílé ni òkú yìí, tàbí ẹni tí wọn kò sin dáadáa. Ibojì ló yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ parí sí.

Fíìmù kan tó tètè gbé òkú Ṣáínà dé iwájú àwọn aláwọ̀ funfun kò ka èyí sí rárá. Ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ fíìmù Hammer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Shaw Brothers ti Hong Kong jọ ṣe The Legend of the 7 Golden Vampires. Peter Cushing ni Van Helsing, ọ̀tá Dracula, David Chiang ló ṣáájú àwọn oníjà Ṣáínà. Àwọn òkú inú rẹ̀ ń gun ẹṣin, wọ́n sì fi wúrà bojú. Wọn kì í ṣe jiangshi tí a mọ̀ lónìí. Ìparí rẹ̀ jẹ́ ti Yúróòpù pátápátá: Van Helsing fi ọ̀kọ̀ gún Dracula, Dracula jẹrà lójú ẹsẹ̀, ó di eruku, ó parí. Kò sí ẹbí nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó jẹ òkú ní gbèsè. Ibì kan ṣoṣo tó mú mi lọ́kàn ti kọjá kí ìyẹn tó dé: ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣáínà tí obìnrin tó fẹ́ràn ti bù jẹ gbá obìnrin náà mọ́ra, ó sì fi ara àwọn méjèèjì sọ igi ṣóṣóró. Ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ ìparí. Bóyá àwọn tó ni owó kò gbà.

Ní 1979, Lau Kar-leung fi The Shadow Boxing mú àwọn adakú Xiangxi wọ inú fíìmù ìjà. Gordon Liu ṣe ẹni tí wọ́n ń wá, tó wá sá pamọ́ sáàárín òkú, tó ń fò bíi tiwọn. Fíìmù tó dùn ún wò ni, ṣùgbọ́n ẹrù lásán ni òkú jẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn alààyè ni wọ́n parí.

Èyí tó tẹ̀lé e ṣòro fún mi láti dárí jì. Sammo Hung ló darí Encounters of the Spooky Kind ní 1980, òun náà ló sì ṣe Cheung, onígboyà tí ìyàwó rẹ̀ ń yan ọ̀gá rẹ̀ lálè. Ọ̀gá yìí háyà àwòrò kan pé kó fi òkú pa Cheung; àwòrò kejì, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, dúró ti Cheung. Ó ní kí ó máa ju ẹyin adìyẹ sínú pósí bí òkú bá fẹ́ dìde. Ẹni tó ta ẹyin fún un ti po ti pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ẹ wo ayé: ẹ̀mí ènìyàn wà lórí ẹyin, oníṣòwò sì ń wá èrè. Ní àṣekágbá, àwòrò méjèèjì gun pẹpẹ gíga, àwọn òrìṣà sì ń gun Cheung lọ́kọ̀ọ̀kan, òrìṣà ọ̀bọ wà lára wọn, ìṣesí rẹ̀ sì ń yí padà bí òrìṣà kọ̀ọ̀kan bá ṣe dé. N kò tíì rí ìjà àwòrò tó dára ju èyí lọ nínú fíìmù kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó sáré jáde, ó ń sunkún ẹ̀tàn. Cheung bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ibẹ̀ ni àwòrán dúró sí, níbi tí ọkùnrin ti ń lu obìnrin, fíìmù sì parí. Wọ́n ṣe é kí ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe awàdà nígbà yẹn nìyẹn, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ òkú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ tipẹ́, àwòrò méjèèjì ti jà tán, ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ kò ju ìbínú ọkọ lọ. Fíìmù tó mọ òrìṣà, tó mọ ìjà, kò mọ ohun tó fẹ́ fi parí ju ìkúùkù lọ.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, Sammo Hung kan náà ló ṣe agbátẹrù Mr. Vampire, Ricky Lau sì darí rẹ̀. Ó pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là Hong Kong, òun ló sì bí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Lam Ching-ying ṣe Ọ̀gá Kau, àwòrò tí irun ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ẹni ọdún 32 ni, wọ́n kùn ún di àgbàlagbà, ó sì ru ọjọ́ orí náà dáadáa. Ricky Hui àti Chin Siu-ho ni ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, Man-choi àti Chau-sang. Moon Lee ni Ting-ting, ọmọ olówó Yam. Yuen Wah ni òkú náà. Òun àti Lam ti wà nídìí iṣẹ́ Bruce Lee tẹ́lẹ̀: Yuen Wah ń ta ìtàkìtì nípò Bruce Lee, Lam ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣètò ìjà. Èyí ló fà á tí ìjà wọn fi rí bí ìgbà tí ojúlùmọ̀ méjì bá ń jà.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí ṣe pàtàkì fún ìparí rẹ̀. Àwòrò Olójú-mẹ́rin (Anthony Chan), ẹlẹgbẹ́ Kau, ń da òkú lọ sílé. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tírà ìwé aláwọ̀ ìyeyè wà níwájú orí wọn, agogo ń dún, kálukú ń lọ sílùú rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gbẹ́ni Yam dé, ó fẹ́ hú bàbá rẹ̀ kó sì tún un sin. Ogún ọdún ṣáájú ni ẹni tó mọ̀ nípa feng shui, ìmọ̀ yíyan ilẹ̀ rere fún ilé àti sàréè, ti sọ fún ẹbí náà pé kí wọ́n hú u lẹ́yìn ogún ọdún. Kau wo sàréè náà, ó sì rí i pé ibi ni ọkùnrin yẹn fi ṣe é. Wọ́n ti sin pósí lóòró, wọ́n sì da sìmẹ́ǹtì bo ibi tó yẹ kó wà ní gbangba. Kí ló dé? Ilẹ̀ rere náà ti ẹni yẹn ni, bàbá Yam ló fi agbára gbà á. Ẹ̀san ni ó ṣe sínú ilẹ̀.

Wọ́n ṣí pósí, òkú kò rà. Kau ní kí wọ́n dáná sun ún lójú ẹsẹ̀. Yam kọ̀. Ó ní iná ni bàbá òun bẹ̀rù jù lọ nígbà ayé rẹ̀.

Gbólóhùn kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń gbójú fò, nítorí àwọn ọmọ-iṣẹ́ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ wọn. Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ iná tí wọ́n kọ̀ tó ń wá ọ̀nà padà. Kau ní kí wọ́n fi okùn aláwọ̀ dúdú tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń fa ìlà ta gbogbo ara pósí. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ ta á, wọ́n gbàgbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkú gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ pa ni Yam, ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ iná. Ó ya Man-choi lára. Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ló lè fa oró náà jáde, Chau-sang sì lọ rà á. Oníṣòwò po ìrẹsì lásán mọ́ ọn. (Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ní 1980, ìrẹsì àdàlù ní 1985: kò sí ohun tí àwọn fíìmù yìí bẹ̀rù tó oníṣòwò.) Man-choi wá ń jó lórí ìrẹsì kí ara rẹ̀ má baà gan. Ní àṣekágbá, nígbà tí idà kò ràn án mọ́, tí okùn kò ràn án mọ́, tí Olójú-mẹ́rin ti ṣe kòńgẹ́ wọn tó sì ti bá wọn dá sí i, iná náà ni wọ́n fi pa á.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìparí Mr. Vampire kò bá ìtàn mu kò wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí Kau sọ níwájú sàréè ni wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti ṣòfò. Ìparí náà ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n hú u.

Síbẹ̀, àríwísí kan kù tí n kò lè dá fíìmù náà láre lé lórí. Ta ló jó níbẹ̀? Bàbá àgbà Ting-ting ni. Ọmọbìnrin yìí ti pàdánù bàbá rẹ̀ sọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó sì tún wà nínú ilé tí bàbá àgbà ti jó. Fíìmù kò fún un ní ìṣẹ́jú kan láti wo ohun tó jó náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Jade, ẹbọra obìnrin tó fẹ́ràn Chau-sang, rí àánú gbà: Chau-sang bẹ Kau, Kau sì jẹ́ kó lọ. Òkú kò rí irú rẹ̀. Òun kò sì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹlòmíràn ló fi ìsìnkú burúkú sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Òǹwòran Yorùbá tó bá mọ ìtàn àkúdàáyà á rí ìyàtọ̀ kíá. Àkúdàáyà kú, ó lọ dá ilé sílẹ̀ ní ìlú òkèèrè, ó ń ṣòwò, ó ń bímọ, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá kò ó lójú, tí yóò sì pòórá. Wọn kì í bá a jà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni òpin rẹ̀. Nínú Mr. Vampire, Ting-ting mọ òkú náà ju gbogbo wọn lọ, ìmọ̀ yẹn kò sì wúlò fún ohunkóhun.

Kí ló fà á? Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń ta fíìmù ní Hong Kong nígbà náà lọ. Àwọn tó ń ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ òpérà Peking ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ìtàkìtì ni èdè wọn. Fíìmù kung fu ti ọdún 1970 sí 1979 sì ti kọ́ àwọn òǹwòran pé bí ọ̀tá bá ti ṣubú, kí oníkálukú máa dìde. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fíìmù tuntun sí sinimá ọ̀gànjọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo, tí wọ́n ń bú ohun tí kò dùn mọ́ wọn, tí àwọn olùdarí sì lè lọ gé e padà. Ta ló máa fi ẹkún ọmọbìnrin parí fíìmù fún irú àwùjọ yẹn ní aago méjì òru?

Lẹ́yìn 1985, ìkún omi dé. Àwọn fíìmù mìíràn nínú ọ̀wọ́ Mr. Vampire jáde lọ́dọọdún títí di 1988. Taiwan mú ti àwọn ọmọdé wá, àwọn ará Japan sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lam fúnra rẹ̀ darí Vampire vs Vampire ní 1989, níbi tí òkú Yúróòpù ti jí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo tírà àwòrò kò sì mú un. Èrò ńlá ni: kí ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe níwájú òkú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀? Fíìmù náà béèrè, kò dúró gbọ́ èsì. Ìjà ló fi dí àlàfo náà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá la ti rí Robo Vampire (1988) ti ilé-iṣẹ́ Filmark, tí Tomas Tang ń darí. Wọ́n gé fíìmù Thailand kan, wọ́n lẹ ìjà òkú àti ọkùnrin onírin mọ́ ọn, wọ́n sì tà á fún ọjà fídíò ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn méjèèjì kò pàdé rárá, nítorí náà ọ̀kankan wọn kò lè parí. Ó dúró ni, bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Lam kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1997, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ricky Hui kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2011. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Juno Mak, akọrin tó di olùdarí, ṣe Rigor Mortis, ó sì fi rántí àwọn méjèèjì. Chin Siu-ho, tó jẹ́ Chau-sang nígbà kan, ṣe òṣèré tí ayé ti gbàgbé, tó kó lọ sí ilé onílé-púpọ̀ kan láti lọ kú. Wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú kí ẹ̀mí tó bọ́. Anthony Chan, Olójú-mẹ́rin àná, ń se ìrẹsì tà ní ìsàlẹ̀ ilé náà, torí kò sí òkú mọ́ láti mú. Chung Fat àti Richard Ng wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nina Paw ṣe ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò lè sin ín, tó gbà kí wọ́n sọ ọ́ di òkú tó ń dìde. Ẹ̀rín tán. Ohun tí Mr. Vampire kò fún Ting-ting, ìyẹn ìbànújẹ́ ẹbí, ni fíìmù yìí fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìjà tó lágbára, fíìmù náà padà sí yàrá ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí òṣèré náà ti fẹ́ kú. Wọn kò yọ ọkùnrin náà. Àwọn aládùúgbò tí a ti rí bí ọdẹ òkú àti bí opó jẹ́ ènìyàn lásán tó ń gbé ilé wọn. Gbogbo ohun tí a wò wáyé lọ́kàn ẹni tó ń kú lọ, ọmọ rẹ̀ sì wá wo òkú bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra ìparí yìí. Wọ́n ní àlá ni, wọ́n ní ìyànjẹ ni. Ìfura wọn nídìí, nítorí ní ilẹ̀ Ṣáínà gan-an, òfin kò gba fíìmù tó ń gbé ìgbàgbọ́ nínú iwin lárugẹ, àwọn olùdarí ibẹ̀ sì ti sọ "àlá ni" tàbí "ara rẹ̀ kò yá ni" di àṣà ìparí. Èmi kò kà á sí irú ìyẹn. Àlá ti àwọn fíìmù yẹn ń pa òkú rẹ́ kí ọlọ́pàá má baà bínú. Ti Juno Mak dá òkú padà: ènìyàn kan kú, ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn yóò sin ín. Nínú gbogbo fíìmù tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun nìkan ló parí sí ibi tí ìtàn adakú Xiangxi ti ń fẹ́ lọ látilẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó yára jù, ẹni tí kò mọ ojú àwọn òṣèré náà láti 1985 kò ní mọ ohun tó sọnù.

Vampire Cleanup Department (2017) dá ẹ̀rín padà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó fi iṣẹ́ agbálẹ̀ bojú ń mú òkú, ó ń sun wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kọ̀ láti sun obìnrin òkú kan tó fẹ́ràn. Iná tí wọ́n kọ̀ tún dé. Fíìmù náà kò ní agbára láti gbé ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n, kó kọ́kọ́ wo Mr. Vampire, kó sì gbé etí sílẹ̀ nígbà tí Yam bá ń dá Kau lóhùn níwájú pósí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kó wá wo Rigor Mortis. Ẹ má ṣe wo ti 2013 ṣáájú. Robo Vampire, ẹ fi í sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ bá pọ̀ nílé tí iṣẹ́ kò sì sí lọ́la.